Ọkọ̀ Tí Ìyá Ìbejì Yóò Wọ̀

1. Ilé Ìyá àgbà

Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ìbejì. Táyé jẹ́ ọkùnrin, Kẹ́hìndé sì jẹ́ obìnrin. Wọ́n ń gbé ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àjàṣẹ́ yìí kan náà ni a ń pè ní Porto-Novo.

Ọ̀sà ńlá kan wà ní ìhà gúúsù ìlú náà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọkọ̀ á ti pọ̀ lórí omi. Àwọn kan ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ wọn. Àwọn kan ń fi ọ̀pá gígùn tì í. Àwọn mìíràn ti so ẹ̀rọ mọ́ ìdí ọkọ̀ tiwọn.

Ìyá àgbà, tí í ṣe ìyá ìyá wọn, ń gbé ní Aguégués. Ọmọ Ègùn ni. Òpó igi ló gbé ilé rẹ̀ dúró, nítorí pé odò Ouémé máa ń kún ní ìgbà òjò. Ọkọ̀ ojú omi ni ìbejì fi ń lọ kí i.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ. Ní ìgbà òjò tó kọjá, Bàbá yá ọkọ̀ kan láti gbé wọn lọ. Ọkọ̀ náà kéré, ẹrù inú rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìyá fi igbá gbọ́n omi, ó gbọ́n ọn, ó gbọ́n ọn, títí wọ́n fi dé èbúté. Gbogbo wọn dé ilé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ìyá kò wọ ọkọ̀ mọ́.

2. Ohun tí Ìyá fẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá sọ pé, “Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ kí a ra ọkọ̀ tiwa. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, n ó máa fi ru àgbàdo àti gàrí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó máa fi lọ kí Ìyá àgbà.”

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ra á. Ṣùgbọ́n n kò ní wọ̀ ọ́ bí n kò bá fi ojú ara mi rí i pé ó lè gbé gbogbo wa.”

Bàbá kò bínú. Ó ní kí Kẹ́hìndé mú ìwé àti kálámù wá. Kẹ́hìndé kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀:

Kí ọkọ̀ náà gba èèyàn mẹ́rin àti ẹrù.
Kí omi má máa wọ inú rẹ̀.
Kí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.
Kí ó má máa mu epo jù.

3. Ọkọ̀ méjì ní èbúté

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wọn lọ sí èbúté. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ tà níbẹ̀.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ funfun, ó sì ń dán bí àwo tuntun. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ni ín.

Igi ni wọ́n fi kan ọkọ̀ kejì. Ó fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Baba arúgbó kan ló ni ín. Táyé dọ̀bálẹ̀, Kẹ́hìndé sì kúnlẹ̀, wọ́n kí baba náà.

Ẹ̀rọ wà ní ìdí ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n kọ 40 sí ara ẹ̀rọ ọkọ̀ funfun. Wọ́n kọ 15 sí ara ẹ̀rọ ọkọ̀ igi.

Táyé béèrè pé, “Bàbá, kí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà yìí?”

Bàbá dáhùn pé, “Agbára ẹ̀rọ ni. Agbára ẹṣin ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ̀rọ oní-40 lágbára ju ẹ̀rọ oní-15 lọ.”

Táyé rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Nígbà náà, ọkọ̀ funfun ni kí a rà!”

4. Ọkọ̀ tó ń sáré

A máa ń sọ pé Táyé ló kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní èbúté. Táyé ló kọ́kọ́ bọ́ sínú ọkọ̀ funfun pẹ̀lú Bàbá àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ dáhùn. Ọkọ̀ gbé imú sókè, ó sì fò lọ lórí omi. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ Táyé lójú. Ó ń pariwo, inú rẹ̀ dùn gan-an. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lọ tí wọ́n sì fi bọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Kò sí ọkọ̀ tó yá ju èyí lọ ní èbúté yìí.”

Bàbá mi orí. Ṣùgbọ́n Ìyá, tó dúró ní etí omi, béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, “Èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì gbé ẹrù. Ṣé bí a ó ṣe máa lò ó nìyẹn?”

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Bàbá yá kẹ́ẹ̀gì 10. Wọ́n rọ omi kún wọn. Omi lítà 25 ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Kẹ́hìndé ṣe ìṣirò rẹ̀: 10 lọ́nà 25 jẹ́ 250. Omi náà wúwo tó 250 kílò.

Wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí sínú ọkọ̀ funfun. Bàbá, Táyé àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún jókòó sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà rì sísàlẹ̀ díẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e láti ojú omi dé etí ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló kù! Ní àkókò náà, ọkọ̀ ńlá kan kọjá. Ìgbì rẹ̀ dé, omi sì ta sínú ọkọ̀ funfun. Ó dà sí ẹsẹ̀ Táyé.

Táyé kò pariwo mọ́. Ó wo ojú Ìyá. Ìyá kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́ olóòótọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ ni. Ọkọ̀ mi dára fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, tó sì fẹ́ tètè dé. Kò dára fún ẹni tó ru àpò gàrí.”

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

5. Ọkọ̀ tí kò sáré

Wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì 10 náà sínú ọkọ̀ igi. Èèyàn mẹ́ta tún wọ̀ ọ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé e láti ojú omi dé etí ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ni! Ìgbì dé, ó gbá ọkọ̀ lára, ó sì padà sẹ́yìn.

Inú Bàbá dùn. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ń wo abẹ́ ìjókòó. Ó rí igbá kan níbẹ̀. Igbá náà tutù.

Kẹ́hìndé béèrè pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń fi igbá yìí ṣe?”

Baba arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ojú ọmọ yìí ríran! Omi ni mo fi ń gbọ́n. Pákó méjì ti fẹ́ ya ara wọn níbí. Omi ń gba àárín wọn wọlé díẹ̀díẹ̀.”

Bàbá tan ẹ̀rọ. Ihò kékeré kan wà ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde níbẹ̀ bí ìtọ̀ ọmọdé. Omi yìí ni ó ń mú kí ẹ̀rọ tutù. Ṣùgbọ́n omi kò tú jáde. Kíá, Bàbá pa ẹ̀rọ náà. Ó gbé ìdí rẹ̀ sókè. Koríko ti dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé. Bàbá yọ koríko náà, ó sì tún ẹ̀rọ tàn. Omi tú jáde, ṣìì! Àwọn ìbejì rẹ́rìn-ín.

Táyé béèrè pé, “Bàbá, ọkọ̀ kan kò gba ẹrù. Omi ń wọ ọkọ̀ kejì. Èwo ni a ó rà?”

Bàbá ní, “Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí a lè tún ṣe. A kò lè sọ ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ di ọkọ̀ tó fẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè dí ibi tí omi ń gbà wọlé.”

6. Iṣẹ́ baba arúgbó

Baba arúgbó náà fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀. Ó jẹ́ kí ó gbẹ nínú oòrùn. Ó yọ òwú àtijọ́ kúrò láàárín pákó méjì náà. Ó ki òwú tuntun bọ̀ ọ́, ó sì fi ọ̀dà bò ó. Kò kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n gbé ọkọ̀ náà padà sínú omi. Wọ́n so ó mọ́ èbúté ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bàbá ní kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wọn tún lọ sí èbúté. Bàbá gbé ẹ̀wù ìléfòó mẹ́rin lọ́wọ́. Ẹ̀wù yìí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Méjì tóbi, méjì kéré. Bí ọmọdé bá wọ ẹ̀wù àgbàlagbà, ó lè yọ́ jáde nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀wù ọmọdé ni Bàbá rà fún àwọn ìbejì.

Bàbá so okùn pupa kan mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Okùn náà so mọ́ ẹ̀rọ. Bí Bàbá bá ṣubú sínú omi, okùn náà yóò fà yọ, ẹ̀rọ yóò sì kú lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ka epo. Lítà 15 ni. Ó ní, “Lítà 5 fún àlọ. Lítà 5 fún àbọ̀. Lítà 5 fún ohun tí a kò mọ̀.”

Gbogbo wọn wá dúró. Wọ́n ń wo Ìyá.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó wò ó. Ọwọ́ náà gbẹ.

Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ó di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú, ó sì wọ ọkọ̀.

7. Lórí omi

Ọkọ̀ náà kò fò. Ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn ìbejì jókòó, wọn kò dìde rárá, nítorí pé ọkọ̀ lè yí bí èèyàn bá dìde nínú rẹ̀. Wọ́n rí ẹyẹ funfun lórí omi. Wọ́n rí àwọn apẹja tó ń ju àwọ̀n. Wọ́n rí àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi kí ẹja lè máa gbé ibẹ̀. Bàbá dín iná ẹ̀rọ kù, ó sì yà kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀ka igi má baà ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó fi ọwọ́ kejì náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ìyá àgbà ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn orin náà kí ó tó rí ọkọ̀. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ìyá àgbà béèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, irú ọkọ̀ wo ló gbé yín wá?”

Táyé dáhùn pé, “Èyí tí kò sáré ni, Ìyá àgbà.”

Kẹ́hìndé ní, “Èyí tí Ìyá wọ̀ ni.”

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí Ìyá kò fi wọ ọkọ̀ mọ́?
2. Ọkọ̀ wo ni Táyé kọ́kọ́ fẹ́? Kí ló mú kí ó yí ọkàn padà?
3. Kí ni Kẹ́hìndé rí ní abẹ́ ìjókòó?
4. Bí Bàbá bá ní epo lítà 18, lítà mélòó ni yóò fi sílẹ̀ fún àlọ?
5. Ohun wo ni wọ́n rà ní ilé yín tí ẹ kọ́kọ́ dán wò? Sọ bí ẹ ṣe dán an wò fún ọ̀rẹ́ rẹ.