Láti Agbowó dé Ògbómọ̀ṣọ́: Ibi tí Àwọn Ọmọ Wa ti ń Kọ́ Orin àti Eré

Ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn kọjú sí Agbowó. Ní apá kan títì, ariwo ọkọ̀ ni, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ta ìwé àti àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Ní apá kejì, igi ńláńlá ni, àti ilé gogoro tí aago wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí mọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú yín ti sin ọmọ débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ sin ọmọ náà lọ, ọ̀rọ̀ òfin tàbí ti ìṣègùn ni ó wà lọ́kàn yín. Ó ṣọ̀wọ́n kí òbí kan nínú àwọn ìjọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn kí ó béèrè pé, "Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ eré orí ìtàgé?"

Èmi ni mo béèrè, nítorí ọmọ alàgbà kan nínú ìjọ wa ní Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin náà ti gba ìwé ìgbaniwọlé láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eré. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àkókò owó tí wọ́n ní kí ó san tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní san kọ́bọ̀ kan; bí kò bá ti jẹ́ òfin, kí ó jókòó sílé. Ọmọ kò jẹun, ìyá rẹ̀ kò sùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a lọ fi ojú ara wa rí i kí ẹ tó sọ pé rárá." Ó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò túká. Ọjọ́ méjì ni a fi rin ìrìn náà, ọkọ̀ rẹ̀ ni a sì gbé.

A kò tíì jìnnà sí Abẹ́òkúta tí ó fi dá orúkọ Fẹlá. Bàbá tí kò bá fẹ́ kí ọmọ kọ́ orin kì í pẹ́ dá orúkọ yìí. Wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó débẹ̀, ó gba ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity College lọ, gbogbo ayé sì mọ ìyókù. Mo ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo rán ẹ̀gbọ́n létí pé bàbá tó bí bàbá Fẹlá, ìyẹn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ní 1922, ó sì gba orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sínú àwo. Mo ní Fẹlá mìíràn sì tún wà. Fẹlá Ṣówándé, tí òun náà jẹ́ ọmọ àlùfáà, kọ́ iṣẹ́ dùùrù títí ó fi gba oyè Fellow ti Royal College of Organists. Ó tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn níbí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ló mọ ìyẹn?" Kò parọ́. Fẹlá tó ń dẹ́rù bà wá ni a mọ̀.

Ní inú ọgbà yunifásítì, a béèrè títí a fi dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Arts Theatre. Mo rò pé ohun tí ẹ̀gbọ́n ń retí ni ijó àti ìdí jíjù. Ọmọbìnrin kan tí òógùn bo ojú rẹ̀ ni a bá, ó ń kan ìṣó mọ́ pákó. Ẹlòmíràn gun àkàbà, ó ń yí iná sí ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó tàn sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin kan, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àdúrà níbi tó ń gbé, ló mú wa kiri. Ó ní àwọn ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe eré, bí a ṣe ń kọ ọ́ àti bí a ṣe ń darí rẹ̀. Àwọn ń kọ́ ijó, ohùn, aṣọ, ìmọ́lẹ̀, ilé orí ìtàgé, àti bí a ṣe ń ṣètò owó àti èrò. Wọ́n ń kọ ìdánwò lórí ìwé bí àwọn tó ń ka òfin, wọ́n sì tún ń gba máàkì lórí iṣẹ́ ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni ó yàn.

Ẹ̀gbọ́n wá bi í ní ìbéèrè tí ó ti ń dùn ún láti ilé. "Bí wọ́n bá ní kí ọmọ mi ṣe aṣẹ́wó ńkọ́?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó fèsì. "Bàbá, ẹ má bínú, ta ló ń ṣe Pílátù ní ìjọ yín lọ́dún Àjíǹde?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni òun fúnra rẹ̀ ti fi ṣe Pílátù fún wa, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Síbẹ̀ kí n má tan yín, ẹ̀yin ará. Níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ṣe eré, ìgbáradì a máa wọ òru. Ó yẹ kí òbí mọ ibi tí ọmọbìnrin òun yóò sùn àti ẹni tí yóò bá a rìn padà. Àwọn eré kan sì wà tí ọmọ tó mọ Olúwa kò ní lè kó ipa inú wọn. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní kùtùkùtù kí wọ́n tó pín ipa. Kí ó má dúró di ọjọ́ eré kí ó tó ní ẹ̀rí ọkàn.

Ní 1962 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀ ní ọgbà yìí pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation láti Amẹ́ríkà. Òyìnbó kan, Geoffrey Axworthy, ló kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ọkùnrin yìí ti ní ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn, síbẹ̀ ó wá fi oṣù mẹ́fà jókòó kọ́ iṣẹ́ ìtàgé. Eré Ọ̀mùtí, tí wọ́n mú jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá, ni ó fi jáde ní 1963 lórí ìtàgé tí a dúró sí yẹn. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò gbé e ga ju ẹ̀kọ́ lọ. Nínú ìjọ tiwa, bí ọmọ bá ti lè tẹ kíbọọ̀dù mọ́ orin ìyìn, a ó ní Ẹ̀mí ti kọ́ ọ tán. Ẹ ka 1 Kíróníkà orí 25, ẹ ó rí i pé àwọn tí wọ́n kọ́ ní orin Olúwa nígbà Dáfídì jẹ́ 288. Kíkọ́ ni wọ́n kọ́ wọn, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì jọ ń ṣẹ́ kèké iṣẹ́.

Láti ibẹ̀, kò jìnnà sí Pólì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn àti iṣẹ́ orin. Ètò wọn yàtọ̀: ọdún méjì àkọ́kọ́ fún ND, lẹ́yìn náà ọmọ yóò jáde lọ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan, kí ó tó padà wá fi ọdún méjì mìíràn gba HND. Ọdún iṣẹ́ tó wà láàrin yẹn wù mí púpọ̀. Ó bójú mu pé Ìbàdàn ni irú ẹ̀kọ́ báyìí ti gbilẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣí WNTV, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 31 October 1959.

Ilé-Ifẹ̀ ni a sùn. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí àti àwọn òṣèré Orí Olókun ti kọ́kọ́ ṣe The Gods Are Not to Blame ní 1968. Ibẹ̀ náà ni Mike Bámilóyè, tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Mount Zion ní 1985. Púpọ̀ nínú wa ló mọ Agbára Ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ mọ̀ pé wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ eré Kristẹni níbẹ̀ pẹ̀lú, fún ọmọ tí kò wá dìgírì.

Ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀ka orin wà lọ́tọ̀, ti eré wà lọ́tọ̀. Ohun kan tí ó yẹ kí òbí tètè mọ̀ nípa orin ni pé ẹ̀kọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọmọ tó ń fi etí nìkan gbá orin, tàbí tí kò mọ̀ ju sol-fa tí akọrin wa ń kà, yóò bá ìlà márùn-ún òyìnbó pàdé níbẹ̀, ẹ̀rù yóò sì bà á. Kí ó ti máa kọ́ ọ láti ilé ẹ̀kọ́ gíríámà, kí ó sì mú Orin nínú ìdánwò WAEC bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ní olùkọ́ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti ń mu ògì, ẹ̀gbọ́n fa fóònù yọ. Ó pe ọmọ rẹ̀. Ohun tó sọ kò pọ̀: "Fi nọ́mbà tí a ó fi san owó yẹn ránṣẹ́. Má tíì sọ fún ìyá rẹ, èmi ni n ó sọ fún un." Mo yí ojú sí ojú fèrèsé.

A gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òṣogbo yìí kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀ ṣe orin ọdún Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Àwọn kan nínú ìjọ ní ìlù kèfèrí kò gbọdọ̀ wọlé Ọlọ́run. Ó gbé orin rẹ̀ jáde. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So, ní 1964 ó gbé e lọ sí Berlin. Ògúndé náà ńkọ́? Ìjọ Aládúrà kan ní Lagos ló ní kí ó ṣe eré ní 1944, eré ọgbà Édẹ́nì, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá. Ilé Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí gángan ń dún nínú ìjọ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bínú mọ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, ń kọ́ ni ní orin ìjọ títí dé ipò dìgírì. A bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ parí. Mo bi í léèrè ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjọ mẹ́ta ti pè é kí ó wá máa kọ́ akọrin wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó dárúkọ owó oṣù; gbogbo wọn ní Olúwa yóò san án fún un. "Bàbá," ó ní, "ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìjọ wọn ń gba owó oṣù."

Ẹ̀gbọ́n àti èmi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí a fi kọjá Ọ̀yọ́. Nígbà tí a padà délé, mo gbé ọ̀rọ̀ owó oṣù olùkọ́ akọrin wa wá síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ọkùnrin náà ti kọ́ akọrin fún ọdún mọ́kànlá láìgba nǹkan kan ju aṣọ ọdún Kérésì lọ. Àwọn kan ní ó pọ̀ jù, àwọn kan ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ onílù yóò béèrè tirẹ̀. Alàgbà ẹlẹ́gbẹ́ ìrìn mi ló dìde pé kí wọ́n fún onílù pẹ̀lú. A kò tíì fẹnu kò. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni a ó tún jókòó lé e lórí.