Ilẹ̀kùn Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ katikísímù. Ọ̀rọ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n ni, ó sì kan èmi àti ìyàwó mi.

Ní àsìkò Kérésì ọdún 2013, àbúrò ìyàwó mi tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé wá kí wa ní Kétu. Ó mú eré kan wá tí ó gbà sílẹ̀ láti orí TF1, Money Drop ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2010, lórí Channel 4, pẹ̀lú mílíọ̀nù kan owó pọ́n-ùn. Ní ọdún 2011 ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, Laurence Boccolini ni ó sì ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè nígbà náà.

Nínú àwọn ìdíje tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá dáhùn dáadáa ni wọ́n ń fún ní owó. Ti èyí yàtọ̀. Ènìyàn méjì ni ó máa ń wọlé pọ̀: tọkọtaya, ìyá àti ọmọ, tàbí ọ̀rẹ́ méjì. Kí wọ́n tó dáhùn ohunkóhun rárá, wọ́n ti kó 250,000 yúrò fún wọn, owó bébà tí a dì ní ìdì ìdì. Ní owó tiwa, ó lé ní mílíọ̀nù 163 fáráńkì CFA. Ìyá Agnès kígbe nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ fún un.

Ìbéèrè mẹ́jọ ni. Ilẹ̀kùn mẹ́rin wà níwájú wọn, a tẹ́ wọn sílẹ̀ bíi tábìlì, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Gbogbo owó náà ni wọn yóò tò lé orí ìdáhùn tí wọ́n gbàgbọ́. Wọ́n lè pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ ṣófo. Aago ń sáré. Bí àkókò bá pé, àwọn ilẹ̀kùn tí ìdáhùn wọn kò tọ̀nà á ṣí, owó orí wọn á já sí ìsàlẹ̀. Láti ìbéèrè karùn-ún, ilẹ̀kùn di mẹ́ta. Ní ìbéèrè kẹjọ ó ku méjì péré, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣófo, nítorí náà kò sí pínpín mọ́.

Èmi tí mo ti jókòó ní séminárì, mo ń dáhùn kí wọ́n tó ka ìbéèrè tán. Inú mi ń dùn sí ara mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò tẹ́tí sí ìbéèrè. Ọwọ́ àwọn tọkọtaya kan ni ó ń wò. Ọkọ ń kó gbogbo owó lọ sí ilẹ̀kùn kan. Ìyàwó mú ìdì méjì kúrò níbẹ̀, ó fẹ́ gbé e sí òmíràn. Ọkọ ní ó dá òun lójú. Ìyàwó dá ìdì méjì náà padà. Ilẹ̀kùn ṣí, gbogbo rẹ̀ lọ.

"Bàbá Agnès, ẹ rí i?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí ó ń wí. Ẹ̀yin náà rántí ọdún 2010 ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, nígbà tí àwọn ilé tí ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n ń ṣèlérí èlé tí báńkì kankan kò lè san, wó lulẹ̀. Owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó bá a lọ. Tiwa wà níbẹ̀. 600,000 fáráńkì ni: díẹ̀ nínú owó oṣù mi, àti èésú tí ìyàwó mi fi ọdún mẹ́ta dá láti inú gàrí tí ó ń tà. Páànù ilé ni a fẹ́ fi rà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé e lọ, ó ní kí a fi ìdajì sílẹ̀ nínú àpótí. Mo ní èmi ni mo kàwé, mo ti ṣírò èlé náà, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Lóòótọ́, ìṣirò náà kò ní àṣìṣe. Àwọn tí mo gbé owó fún ni n kò ṣírò.

Fún ọdún mẹ́ta, bí òjò bá ti ṣú, a ó gbé abọ́ sí abẹ́ ibi tí ilé ti ń jò. Kò bú mi. Kò dárúkọ owó náà rí. Mo rò pé ó ti gbàgbé.

Èmi kò fẹ́ràn kí a máa fi omijé ènìyàn ṣe ìran wíwò, bẹ́ẹ̀ ni mo sì wo èyí dé òpin, n kò ní purọ́. Ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé wá, ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé padà, síbẹ̀ obìnrin náà ń sunkún bí ẹni tí olè jà. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di owó náà mú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní kì í ṣe owó ni ó dun òun jù. Ó ní nígbà tí mo sọ pé èmi ni mo kàwé, ẹnu òun pa mọ́, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe tún un là.

Ní ọdún 2016, a fẹ́ ra ilẹ̀ kékeré kan. Mo kó owó náà sórí tábìlì láàárín wa, mo ní kí ó sọ iye tí a ó fi sílẹ̀. Ó rò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú ìdì mẹ́ta kúrò, ó so wọ́n mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì dìde lọ tan iná oúnjẹ alẹ́.