Ó Ha Yẹ Kí Ènìyàn Ra Ìpara Olówó Ńlá Bí?

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń fi òróró tọ́jú ara. Kí ìgò ìpara òkèèrè tó dé orí àtẹ ni àwọn ìyá àgbà ti ń fi osùn pa ọmọ tuntun lára, tí ìyàwó sì ń kun osùn kí ó tó lọ sí ilé ọkọ. Àdín ń bẹ fún ara ọmọdé. Òrí sì ń bẹ fún ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ètè ń bó, tí ẹsẹ̀ ń là, tí ara ọmọ ènìyàn sì ń funfun bí ẹni tí ó yí nínú eérú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ìpara ní àṣà àjèjì kò sọ òótọ́. Ìmọ́tótó àti ìtọ́jú ara jẹ́ ohun iyì láàárín àwọn ọmọlúwàbí.

Ṣùgbọ́n ìpara kan wà lóde òní tí ó mú ìbéèrè lọ́wọ́. Èyí ni ìpara olóòórùn dídùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ lófínńdà ńláńlá ti òkè òkun ń ṣe, tí a sì ń tà nínú ìgò tí ó lẹ́wà. Ní ọdún 2024, òfin Nàìjíríà sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìgò kan wà nínú irú ìpara yìí tí owó wọn ju èyí lọ, tí ohun tí ó wà nínú wọn kò sì ju ife omi kan lọ. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, tí ìyá rẹ̀ ń retí owó oúnjẹ, tí àbúrò rẹ̀ sì ń retí owó ìwé, ṣé ó yẹ kí ó ra irú ìgò bẹ́ẹ̀? Bí kò bá sì rà á, ṣé ó ti fi ohun rere kan du ara rẹ̀ ni?

Ẹni tí yóò bá dá ọjà lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpara tí ó ń ṣàn, omi ni ó pọ̀ jù. Òróró wà níbẹ̀, glísírìn tí ń fa omi mọ́ awọ ara wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà tí ń mú kí omi àti òróró gbà láti gbé pọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni òórùn dídùn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà pa á láṣẹ pé kí a kọ àwọn èròjà sí ara ìgò tàbí páálí rẹ̀, kí èyí tí ó pọ̀ jù sì ṣáájú. Ẹni tí ó bá yí ìgò sẹ́yìn yóò rí i pé “Aqua”, tí í ṣe omi, ni ó sábà ń léwájú, yálà ìgò náà wọ́n tàbí kò wọ́n.

Ohun mẹ́ta ni ẹni tí ń ra irú ìpara bẹ́ẹ̀ ń retí lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó mú ara jọ̀lọ̀, kí ó mú ara ta sánsán, kí ó sì fi iyì kún ẹni tí ó fi para.

Ní ti èkínní, awọ ara kò mọ orúkọ ilé-iṣẹ́, kò sì lè ka iye owó. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí omi inú rẹ̀ má gbẹ. Ní ọdún 1872 ni Robert Chesebrough gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún Vaseline, èyí tí a ń rí nínú epo rọ̀bì. Títí di òní, àwọn dókítà awọ ara ṣì kà á mọ́ ohun tí ó dára jù lọ láti sé omi mọ́ ara, kò sì wọ́n. Àwọn dókítà wọ̀nyí tún ń kọ́ni pé ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí ara kò tíì gbẹ tán, ni ó dára jù láti fi ìpara para. Òórùn dídùn pàápàá wà lára ohun tí ó sábà ń mú kí ara àwọn mìíràn yún tàbí kí ó sú; irú wọn kò gbọdọ̀ fi owó ra ìyọnu.

Ní ti èkejì, kò yẹ kí a purọ́ mọ́ oníṣòwò: òórùn rere kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ìlú kan wà tí a ń pè ní Grasse, níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó fún iṣẹ́ lófínńdà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń fi ọwọ́ já òdòdó jásímìnì. Òdòdó tí ìwọ̀n rẹ̀ ju 500 kìlógíráàmù lọ ni a ń lò kí ojúlówó òórùn rẹ̀ tó pé kìlógíráàmù kan. Irú òórùn yìí wà nínú Chanel No. 5 tí Ernest Beaux ṣe ní ọdún 1921. Ní ọdún 2018 ni àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ iṣẹ́ lófínńdà agbègbè Grasse mọ́ àwọn ogún àṣà aráyé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kínún ni òórùn tí ń wọ inú ìpara. Láàárín wákàtí díẹ̀, oòrùn àti òógùn yóò ti gbé e lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé òórùn gan-an ni ó ń wá, lófínńdà kékeré lórí ara tí a ti tọ́jú dáadáa lè pẹ́ fún un ju ìpara lọ.

Ní ti ẹ̀kẹta, àwọn kan ń ra ìgò kí àlejò lè rí i lórí tábìlì. Wọ́n rò pé ohun tí ó ti òkèèrè dé nìkan ni ó níyì. Síbẹ̀, láti nǹkan bí àárín ọdún 1980 sí 1989 ni ilé-iṣẹ́ L’Occitane ti ilẹ̀ Faransé ti ń ra òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Burkina Faso, tí ó sì ń fi ṣe ìpara fún àwọn ọlọ́rọ̀. Òrí yìí kan náà ni àwọn obìnrin Ṣakí àti Kìṣí ń ṣe: wọ́n ń ṣa èso rẹ̀, wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a, wọ́n ń pa á, wọ́n ń yan án, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi omi pò ó títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó. Nàìjíríà ni ó ń pèsè èso òrí jù lọ ní ayé, ṣùgbọ́n púpọ̀ rẹ̀ ni a máa ń kó lọ sí òkèèrè tẹ́lẹ̀ láìtíì sọ ọ́ di òrí. Nítorí èyí ni ìjọba fi fi òfin de kíkó o jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Lóòótọ́, òrí ní òórùn tirẹ̀ tí kò wu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Kí wá ni ìdájọ́ ọ̀rọ̀ náà? Bí ẹni tí owó rẹ̀ tó ìnáwó bá ra ìpara olówó ńlá nítorí pé òórùn rẹ̀ ń mú inú rẹ̀ dùn, kò ṣẹ̀. Bí ọmọ tí apá rẹ̀ ká a bá rà á fún ìyá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sí ìdí iná àkàrà, ẹ̀bùn rere ni, nítorí ìyá náà kì yóò rà á fún ara rẹ̀ láé. Kí irú olùrà bẹ́ẹ̀ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, kí ó sì ṣọ́ra fún ayédèrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò yá owó, tàbí tí yóò fi owó ìwé àbúrò rẹ̀ rà á, kò rí ohun tí ó tó owó náà gbà. Òórùn yóò lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò yóò sì wà nílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù mọ ohun tí òun ń rà kí ó tó tú àpò. Bí ó bá jẹ́ ara jíjọ̀lọ̀ ni, òrí tó. Bí ó bá jẹ́ òórùn ni, kí ó wo bí agbára rẹ̀ ti mọ. Bí ó bá sì jẹ́ iyì ni, kí ó wá a sí ibi tí àwọn àgbà ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá wí pé ìwà lẹwà.