“Ọkọ Yín Mà Ń Tọ́jú Yín O!”

Bí obìnrin kan bá wọ ọjà Bódìjà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí ìyá aláta tó béèrè ohun tó fẹ́ rà, á ti wò ó láti òkè délẹ̀. “Ìyá Ìbejì, ẹ ti sanra o! Ọkọ yín mà ń tọ́jú yín o!” Tó bá jẹ́ pé ṣe ló rù, ohùn á wálẹ̀: “Kí ló dé? Ṣé kò sí o?” Nígbà tí àrùn kògbóògùn éèdì gbòde, àwọn tó rù kàn ń sá fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má bàa fura sí wọn.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n sísanra tàbí rírù kò sọ bí ọkàn èèyàn ṣe wà: ìsoríkọ́ kò ní ìrísí kan ṣoṣo. Ó ń bá obìnrin kan jà, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ó ń bá òmíràn jà, ó ń dìde lóru lọ ṣí ìkòkò ìrẹsì àná. Ara ti àkọ́kọ́ á gbẹ, ti èkejì á kún. A ó bá ọ̀kan kẹ́dùn, a ó kí ìkejì kú oríire, bẹ́ẹ̀ àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n.

Àwọn oògùn kan pẹ̀lú máa ń mú ara kún. Ọ̀kan nínú wọn ni olanzapine, tí àwọn dókítà ọpọlọ ń lò. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ń lò ó, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ti padà sídìí òwò rẹ̀. Ó lọ wọn aṣọ ẹbí. Télọ̀ fa téèpù yí i ní ìbàdí, ó tún un fà, ó rẹ́rìn-ín: “Àǹtí, yáàdì mẹ́rin yìí ò ní tó mọ́ o.” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Ó délé, ó da oògùn náà nù. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi padà dé. Oògùn mìíràn sì wà tí kì í mú èèyàn sanra tó bẹ́ẹ̀. Kò kàn béèrè ni.

Àwọn ọmọge tí wọ́n ń pè ní lẹ́pa ní tiwọn ń ra cyproheptadine, kí ìdí wọn lè yọ. Oògùn ara yíyún ni. Ó ń mú kí ebi pani, oorun á sì máa kun ẹni tó lò ó. Lórí káńtà kan náà ni tíì tí orobo fi ń wá bí yóò ṣe fọn wà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ju kó máa mú èèyàn yàgbẹ́ lọ. Àpò onísọ̀ nìkan ló ń sanra.

Ìwọ̀n BMI tí nọ́ọ̀sì ń kọ sínú káàdì, èyí tó ń fi bí èèyàn ṣe wúwo wé gíga rẹ̀, Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló hùmọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Kì í ṣe dókítà. Tí ìwọ̀n náà bá kọjá 30, ẹ gbọ́ ti dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà kò lè sọ bóyá obìnrin tí wọ́n wọ̀n sùn lánàá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ọpọlọ, tí ara yín ń kún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sọ fún un gbangba pé sísanra yìí ń dà yín láàmú.