Ìyìn Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ọdún kan, mo kọ ìwàásù ọjọ́ Ìkórè lórí òṣùwọ̀n èké. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbọ́ pé alága wa yóò jẹ́ oníṣòwò kòkó kan tí gbogbo àgbẹ̀ ìlú ti mọ bí ìwọ̀n rẹ̀ ti rí. Mo mú kálámù, mo fa ìlà sí ojú ìwé méjì, mo sì wàásù lórí ìmoore. Alága bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, àwọn ìyá ìjọ wí pé, “Tíṣà, ẹnu yín dùn.” (Kí n má purọ́, àwa oníwàásù fẹ́ràn gbólóhùn yìí ju oúnjẹ lọ.) Bàbá àgbẹ̀ kan kàn kí mi ni, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ.

Ní òru, oorun kọ̀ láti wá. Mo rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní 1864 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní Onitsha ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tí ó tó bí lọ́mọ tàbùkù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Arúgbó náà kò torí èyí fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀, títí ikú fi dé ní ọjọ́ 31 oṣù December, 1891. Èmi nìyí, tí ìjókòó iwájú kan ṣoṣo pa lẹ́nu mọ́!

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì, mo ka ojú ìwé méjèèjì náà fún ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ ìbùkún tí ojú tì mí láti tọrọ ní ọjọ́ Ìkórè.