Lọ́ńdọ̀nù sí Ìkẹjà, Ìkẹjà sí Kìlómítà 46

Láti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù sí Ìkẹjà, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni. Bàlúù á gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, á sì balẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Nítorí pé láti àríwá sí gúúsù ni ìrìn náà, aago ìlú méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: nígbà ọyẹ́, wákàtí kan péré, nígbà ooru ti Lọ́ńdọ̀nù, kò sí rárá. Ẹni tó bá ti New York wá ni oorun ọ̀sán máa ń dà láàmú, torí wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ni tiwọn fi yàtọ̀ sí tiwa.

Láti Ìkẹjà wá sí Camp, ibùdó ìjọ Ìràpadà tí à ń gbé, ńkọ́? Kò ju nǹkan bí 45 kìlómítà lọ. Àdírẹ́sì wa gan-an, ìwọ̀n ọ̀nà ni: Kìlómítà 46, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Àmọ́ ó lọ́jọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò máa ń wọ́ wá sí ìsìn Holy Ghost ní Camp, àbúrò mi tó ń gbé Peckham pè mí lọ́sàn-án: "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti balẹ̀ o. Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná." Mo ní kó rọra. Ní Berger, mò ń gbọ́ ohùn kọ̀ndọ́ lórí fóònù rẹ̀: "Mowé, Ìbàfò, Camp! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ó tún pè pé òun ti ń rí àgbò lọ́jà Kara. Lẹ́yìn wákàtí kan, àgbò Kara náà ló ṣì ń wò. Ó ti jẹ gálà, ó ti mu píọ́ wọ́tà, ó sì ti mọ iye tí wọ́n ń dá lé àgbò. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó kan géètì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàlúù ń sáré tó 770 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó bá fi wákàtí mẹ́ta rin 45, kìlómítà 15 ló ń rìn. Kẹ̀kẹ́ ológeere á yà á sílẹ̀.

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ yìí, ó sì sọ Èkó àti Ìbàdàn di ìtòsí ara wọn. Ìtòsí yẹn ló pe èrò. Ní 1983, ìjọ Ìràpadà ra ilẹ̀ síbí. Àwọn tí owó ilé Èkó wọ̀ lọ́rùn wá kọ́lé sí Ìbàfò àti Mowé. Ọlọ́jà dé, ọlọ́kọ̀ dé, oníkálukú kọjú ṣọ́ọ̀bù sí títì. Ọ̀nà tó gé jíjìn kúrú ló kó èrò wá, èrò ló sì tún fà á gùn. N kò bínú sí wọn; èmi náà wà nínú wọn. Kò sẹ́ni tó lè pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà bàlúù, ìyẹn ni òkè Sàhárà fi ń dá geere.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ẹ wo kàlẹ́ńdà Camp kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá balẹ̀ lọ́jọ́rú, ilé wa ò jìnnà. Ẹni tó bá balẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, kó yáa ra gálà dání.