Kóòdù Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ìdájọ́: Ká Tó Sọ Gíàbọ́ọ̀sì Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oní-gíà ọ́tò la mú wá lónìí, torí owó tí àwa èèyàn wa ń ná lé e lórí láìnídìí ti ń pọ̀ jù.

Àwa tí a ń ta èlùbọ́, gààrí àti epo pupa níbí, ọkọ̀ lẹsẹ̀ wa. Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa kọ̀, kò yí gíà mọ́. Tí a bá tẹná, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní sáré. Ọwọ́ aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó kú sórí òdo, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn gbòò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Mẹkáníìkì kan gbé ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù wá, ó kì í bọ ọkọ̀, P0700 ló jáde. Ojú ẹsẹ̀ ló ní, "Alhaji, gíàbọ́ọ̀sì ti kú, ẹ lọ wá òmíràn." Iye tó dá lé wa ju èrè oṣù mẹ́ta lọ. Owó tó sì wà nílé, owó ilé-ìwé ọmọ wa ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ni. Ṣé ká wá gbé owó ìwé ọmọ fún irin? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A ní kí ọkọ̀ ṣì sùn nílé ná, a sì pe ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ṣe rìwáyà.

Ohun tí a rí kọ́ nìyí o: P0700 kì í ṣe àrùn, ìránṣẹ́ ni. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, kọ̀ǹpútà kan ń darí ẹ́ńjìnnì, òmíràn ń darí gíà. Bí nǹkan bá ń ṣe gíà, á ránṣẹ́ sí ti ẹ́ńjìnnì pé "ara mi ò yá o." Iṣẹ́ yẹn ni P0700 ń jẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòdù tó dárúkọ àìsàn gan-an wà nínú kọ̀ǹpútà gíà, àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú míì kì í sì í débẹ̀. Ẹ̀rọ tó mọ gíà kà ni kí ẹ wá.

Nígbà tí rìwáyà fi tiẹ̀ kà á, P0722 jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí gíà ṣe ń yí jáde ò fọhùn mọ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, ló bá ti í mọ́ gíà kan kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. A gbé ọkọ̀ sókè, a tọ wáyà lọ, àṣé èkúté ló gé e jẹ! Ẹ̀gbẹ́ sítọ́ọ̀ èlùbọ́ ni ọkọ̀ ń sùn, ẹ ò rí i. Wọ́n so wáyà, wọ́n pa kóòdù rẹ́, gíà ń yí. Àwọn ará ilé máa ń sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa tí a wà ní Sókótó gan-an, inú ọgbà wa ló wà.

Ẹ lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ nílé. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò ẹlẹ́yín 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ẹ ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtá ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. Tí 7 bá tẹ̀lé P0, ọ̀rọ̀ gíà ni. P0717 àti P0722, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà wọn ni ká kọ́kọ́ wò. P0750 títí dé P0770, àwọn sólẹ́nọ́ìdì tó ń yí gíà ni. Tó bá jẹ́ P0730, gíà ń yọ̀; ọ́ìlì lè ti dín, ó sì lè jẹ́ pé inú ti bàjẹ́ lóòótọ́.

Ẹ wo bátìrì náà. Tó bá kún, tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, ó yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi 12.6, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5. Iná tí kò tó máa ń mú kọ̀ǹpútà ṣìwí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ́ìlì gíà. Ọkọ̀ púpọ̀, orí ilẹ̀ títẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ la ti ń wò ó. Àwọn míì, ẹ ó pa á kọ́kọ́ ni. Ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ ọ́, òun náà ló máa sọ irú ọ́ìlì tó ń mu. Ẹ má da òmíràn sí i. Ooru tó ń kọjá 40 níbí lóṣù kẹrin kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ́ìlì gíà rárá.

Bí ọ́ìlì bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí irin wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀, mẹkáníìkì tó sọ pé gíà ti bàjẹ́ ò parọ́ nìyẹn. Ẹ má fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó ọmọ lọ sílé ọdún. Láti ibí dé Kontagora, dé Mokwa, dé Jẹ́bà, ọ̀nà náà jìn, kì í ṣe ibi tó yẹ kí gíà ti já èèyàn sílẹ̀ lóru.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú bóòtù kan, ẹ bi wọ́n pé: "Kóòdù kejì ńkọ́?" Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fún un lówó. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lọ́nà o.